Aṣọ Inú Àpótí Kì Í Ṣe Owó Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni. Ní Gbaffo níbí, bí ènìyàn bá ṣí ẹnu sọ̀rọ̀ nípa aṣọ àwọn obìnrin, kíá ni wọ́n á ti ní ìlara ló ń dà á láàmú, tàbí pé kò rówó rà ni. Kí ẹni tó bá fẹ́ wí bẹ́ẹ̀ máa wí. Ohun tí a ń rí láàárín àwọn òkè wa yìí láti ọdún mélòó kan wá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ara. Ó ti di ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ gbèsè. Ó sì ti di ọ̀rọ̀ ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan jẹun alẹ́ tán, ó jókòó, ó ṣí fóònù rẹ̀. Lórí Facebook tàbí TikTok, ó rí obìnrin mìíràn ní Kùtọnu, ní Lomé tàbí ní Abidjan, tó tẹ́ ogún aṣọ wax sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Obìnrin náà ń pe orúkọ aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹni tí kò bá ní irú èyí kò tíì ní aṣọ. Ó ní aláwọ̀ ewé ló dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, pupa ló dé lónìí, ẹni tó ti ra ti ìṣáájú gbọ́dọ̀ ra èyí kí ó lè pé. Ó ní mẹ́wàá péré ló kù. Obìnrin tiwa fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mọ́tò gbé ẹrù náà dé oríta Ìdáàṣà, oní-zẹ́m gbé e dé Gbaffo. Ó tú u wò, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sínú àpótí. Ó parí síbẹ̀. Aṣọ náà kò dé ọwọ́ télọ̀, kò dé ọjà, kò dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, òmíràn ti dé bá a níbẹ̀.

N kò bá ẹ̀ṣọ́ jà. Ẹni tó ra aṣọ, tó rán an, tó wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó, tó wá fi í lọ ọjà nígbà tó ṣá díẹ̀, tó fi gbọ́mọ pọ̀n nígbà tó rọ̀, tó fi nu ilẹ̀ nígbà tó ya, ẹni yẹn kò ṣe ohun burúkú kankan. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó ń ra aṣọ kí ó ṣá ti ní i. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ rò ó dáadáa. Àkísà ni wọ́n fi ń díwọ̀n, kì í ṣe aṣọ tuntun, nítorí pé àkísà ló ń jẹ́rìí pé ènìyàn lo ohun tó ní. Ẹ wá tú àpótí àwọn tí mo ń sọ yìí wò. Aṣọ pọ̀ níbẹ̀ ju ti ìyá ọba lọ, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí àkísà kan.

Èsì tí wọ́n máa ń fún mi ni pé, "Ìyá wa àgbà náà kó aṣọ jọ sínú àpótí." Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà wà.

Àwọn ará Java ní Indonesia ló ní ọgbọ́n fífi ìda yà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Àwọn Òyìnbó Họ́láńdì kọ́ bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn, Vlisco, wà ní ìlú Helmond láti ọdún 1846. Nígbà tí aṣọ yìí dé etí òkun ilẹ̀ wa, àwọn ìyá wa gbà á, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Òyìnbó kàn ń fi nọ́ńbà pè é ni. Àwọn obìnrin ọjà ló fún un ní orúkọ. Wọ́n pe ọ̀kan ní "Ojú Orogún Mi". Wọ́n pe ọ̀kan ní "Ọkọ Mi Lágbára". Èyí tó ní ẹyẹ tó ń fò jáde nínú àgò, wọ́n pè é ní "Bí O Bá Jáde, Èmi Náà Á Jáde". Obìnrin tó ró èyí tó kẹ́yìn yìí kọjá níwájú ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kò nílò láti la ẹnu. Aṣọ ti bá a sọ ọ́.

Ní Lomé, láti ìgbà òmìnira títí di àwọn ọdún 1980, àwọn ìyá ọlọ́jà kan wà tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn. Ọwọ́ wọn ni aṣọ Họ́láńdì ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní àwòrán aṣọ tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tà. Àwòrán tí àwọn ènìyàn bá fẹ́ràn, ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà aṣọ tí ìyá àgbà rà nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, aṣọ náà ṣì ní orúkọ, ó sì ṣì ní iye lórí nígbà tí àkọ́bí náà fẹ́ lọ sílé ọkọ.

Ẹ tún rántí oṣù kìíní ọdún 1994. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, owó sẹ́fà pàdánù ìdajì agbára rẹ̀. Sẹ́fà 50 ló ń ra fàráǹ Faransé kan tẹ́lẹ̀; ó di 100. Gbogbo ohun tó ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ẹni tó fi owó bébà pamọ́ sábẹ́ ẹní sunkún. Ẹni tó ní aṣọ Họ́láńdì nínú àpótí kò sunkún tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà ṣe gbọ́n. Kò sí báńkì nítòsí oko. Owó tó wà nílé, eku lè jẹ ẹ́, iná lè jó o, àbúrò ọkọ lè wá yá a kó má dá a padà. Aṣọ kò rọrùn láti yá. Bí iṣu bá tà dáadáa lọ́dún kan, ó ra aṣọ kan tó jẹ́ ọ̀pá mẹ́fà, ìyẹn ìró mẹ́ta, ó tọ́jú rẹ̀. Bí àìsàn bá dé, ó mú ọ̀kan jáde, ó tà á. Bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, ó mú méjì jáde. Ó mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ bi í, á sọ fún yín pé, "Èyí, ọdún tí ẹ̀gúsí ṣe dáadáa ni mo rà á. Èyí, ọkọ mi ló fi bẹ̀ mí." Ààyè owó ni àpótí rẹ̀. N kò lè fi í ṣẹ̀sín láé.

Ṣùgbọ́n báńkì yẹn ti wó. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe wó.

Àkọ́kọ́, àwọn ará China bẹ̀rẹ̀ sí tẹ irú aṣọ kan náà ní owó pọ́ọ́kú. Hitarget kún gbogbo ọjà wa, láti Dantokpa títí dé Glazoué. Àwòrán tuntun kì í pẹ́ lọ́jà kí wọ́n tó tẹ irú rẹ̀ ní owó tó kéré. Lẹ́yìn náà, àwọn ará Họ́láńdì fúnra wọn yí ọgbọ́n padà. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn aṣọ tuntun jáde léraléra láàárín ọdún kan ṣoṣo, kí ti àná lè tètè gbó lójú ẹni tó rà á. Àwòrán tó ń pẹ́ ní ọgbọ̀n ọdún tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí kì í ju oṣù mélòó kan lọ kí àwọn olókìkí inú fóònù tó sọ pé ó ti kọjá àsìkò. Ta ni yóò wá ra ohun tó ti kọjá àsìkò lọ́wọ́ yín? Ẹ gbé aṣọ mẹ́ta tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá lọ sí ọjà Glazoué, kí ẹ sọ fún oníṣòwò pé ẹ fẹ́ tà á. Kí ẹ wá padà wá sọ iye tó pè é fún mi.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ń ṣe bí ìyá àgbà, kò ṣe bí ìyá àgbà. Ìyá àgbà fi owó pamọ́ sínú aṣọ. Ẹ̀yin ń sin owó sínú aṣọ ni.

A ti kọ́ ìṣirò nínú ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹ mú bírò. Ká ní obìnrin kan ń ra aṣọ ọ̀pá mẹ́fà kan lóṣooṣù, ká sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́fà 12 000. Láàárín ọdún kan, ìyẹn jẹ́ 144 000. Ká ní ó rán mẹ́rin péré nínú méjìlá, tí télọ̀ gba 4 000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 16 000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160 000. Mẹ́jọ tó kù wà nínú àpótí, 96 000 ni owó wọn. Ká ní ìyọnu dé, ó sì fẹ́ tà wọ́n, tí wọ́n bá a ra á ní ìdajì, èyí tí mo rò pé orí ló fi ní: ó gba 48 000. Ó ti pàdánù 48 000, kò sì ró ọ̀kan nínú wọn rí. Ẹ kọ 48 000 yẹn sínú ìwé yín. Lẹ́yìn náà kí olúkúlùkù kọ iye tí wọ́n ń ta ebu iṣu lọ́jà báyìí sábẹ́ rẹ̀, kí ó pín in. Kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tí ẹ rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún lè ti bímọ kí ọdún tó parí. Aṣọ kì í bímọ nínú àpótí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn olókìkí inú fóònù wọ̀nyí, àwọn tí a sọ di ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ láìmọ̀ wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Oníṣòwò máa ń san owó fún wọn, tàbí kó fún wọn ní aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi hàn. Àwọn mìíràn máa ń dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán. Ẹ̀yin rí i lára rẹ̀, ẹ rò pé tirẹ̀ ni, ẹ rò pé òun náà fi owó ìrọ́kọ́ rà á. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ yìí le débi pé wọ́n ṣe òfin ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2023, pé ẹni tó bá gba owó tàbí ẹ̀bùn láti fi ọjà han àwọn ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ìpolówó ni. Bí àwọn tó ni owó bá nílò irú òfin bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa àwa tí à ń dúró de òjò?

Fóònù fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọjà. Ọjà ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá kọjá, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Fóònù ń ná ọjà lóru. Ó tún ń ṣọ́ yín: ibi tí ojú yín bá pẹ́ sí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, irú rẹ̀ ni yóò sì gbé wá lọ́la. Ẹ wo aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì, á mú ogójì wá. Kò sí oníṣòwò kan ní Dantokpa tó mọ inú yín tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba wa pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lo Facebook, WhatsApp àti irú wọn máa san sẹ́fà 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Ariwo sọ ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ìjọba ti fagi lé e. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹrù náà ì bá wúwo jù fún aláìní. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu títí di òní. Nítorí sẹ́fà 5, a bá ìjọba wọ̀jà. Nítorí sẹ́fà 12 000 tí ẹni tí a kò mọ̀ rí ń gbà lọ́wọ́ wa lóṣooṣù lórí Facebook kan náà, ẹnikẹ́ni kò tíì húkọ́.

Kì í ṣe Gbaffo nìkan ni àrùn yìí dé. Ní ilẹ̀ China, ilé iṣẹ́ Pop Mart ń ta bèbí kékeré kan tó ń jẹ́ Labubu, tó léyín ṣóńṣó bí ẹmọ́. Kasing Lung ló yà á ní ọdún 2015. Inú páálí tí wọ́n ti dí pa ni wọ́n ń tà á sí. Ẹni tó ra kò mọ èyí tó wà nínú rẹ̀ títí yóò fi ya á. Bí ó bá bá èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀, ó tún ra òmíràn. Ẹ̀yin tó mọ ta-a-tẹ́tẹ́, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń tà. Nígbà tí àwọn olókìkí so ó mọ́ báàgì, àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí tò sórí ìlà nítorí rẹ̀ ní ìlú ńlá káàkiri ayé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, wọ́n gbé ọ̀kan tó ga tó ènìyàn fún ẹni tó pe owó jù lọ ní Beijing, ó lé ní mílíọ̀nù kan yuan. Láàárín ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ náà tú púpọ̀ sí i jáde, iye tí àwọn olùkójọ fi ń tà á fún ara wọn sì já wálẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú bèbí tí wọ́n ń pè ní Beanie Babies. Wọ́n ní yóò di owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn. Bèbí ṣì wà nínú páálí títí di òní; owó ni kò sí.

Ohun tó burú ni pé àwọn tó lówó ní ibi tí wọ́n ń da àṣejù wọn sí. Ọ̀dọ̀ wa ni. Aṣọ tí wọ́n rà tán ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, tí wọn kò wọ̀, tàbí tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n dì ní bélì ránṣẹ́ sí Missèbo ní Kùtọnu, àti sí Kantamanto ní Accra, ọjà tí iná jó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025. Èyí tí kò tà níbẹ̀ di ìdọ̀tí etí òkun. Àwa wá jókòó sí Gbaffo, à ń ra aṣọ tuntun sínú àpótí, ọmọ wa sì wọ bòsíkọ́rọ̀ àwọn ọmọ Òyìnbó lọ sóko. Ẹ sì má gbàgbé pé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbin òwú jù lọ ní Áfíríkà. Ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni òwú ti ń jáde lọ.

Ibi tó dùn mí jù ni mo fẹ́ dé báyìí. Owó tiwa kì í wọlé lóṣooṣù bí ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, a ń ta kajú. Owó wà lọ́wọ́ nígbà náà. Àwọn oníṣòwò mọ̀ ọ́n, àwọn olókìkí mọ̀ ọ́n. Àkókò yẹn ni aṣọ máa ń rọ̀ bí òjò sórí fóònù. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹfà àti ìkeje, tí iṣu tuntun kò tíì jáde, tí àgbàdo ti wọ́n, ẹ lọ wo ilé tó ní àpótí mẹ́ta. Ẹ̀kọ mímu lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ. Aṣọ kún inú yàrá, ebi kún inú ọmọ.

Àwọn kan kò tilẹ̀ lo owó kajú. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n lò. Ẹ mọ bí a ti ń yá owó yẹn: àwọn obìnrin kó ara wọn jọ, olúkúlùkù ṣe onídùúró fún èkejì, wọ́n gba owó láti fi ra ẹ̀pà, sọ́yà tàbí gàrí tí wọn yóò tà. Bí ọ̀kan bá fi tirẹ̀ ra aṣọ, ọjọ́ sísan owó pé, kò rí san. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló san án. Ẹgbẹ́ tó ti wà fún ọdún mẹ́wàá lè tú ká nítorí aṣọ mẹ́rin. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ọmọbìnrin wa sì ń wò wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń rí ìyá rẹ̀ tó ń ka aṣọ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, tó tún rí àwọn ọmọge inú fóònù, òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àpótí tirẹ̀. Ta ni yóò rà á fún un? Ọkùnrin kan wà lójú ọ̀nà tó ṣe tán láti rà á. Ọkùnrin yẹn kì í ra aṣọ lásán. Nígbà tí oyún bá dé, ọmọ ti kúrò nílé ìwé, ọkùnrin ti lọ sí Nàìjíríà, aṣọ wà nílẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ aṣọ kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé.

Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ní Yúróòpù máa ń gbé ẹ̀wù tuntun méjì tàbí mẹ́ta jáde lọ́dọọdún, ẹ̀yin sì ń rà á bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọn yóò pè wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní fóònù mẹ́ta, bàtà rọ́bà méje, kò ní ọkọ́ tó mú. Ó ya fọ́tò bàtà náà lórí àpáta, ó gbé e sórí TikTok. Oko baba rẹ̀ wà lẹ́yìn àpáta yẹn gan-an, èèkan ti bò ó. Ti obìnrin dára díẹ̀ jù, nítorí pé a ṣì lè fi aṣọ bo òkú.

Àwọn kan á ní, "Bí a kò bá ra aṣọ mọ́, kí ni télọ̀ yóò jẹ?" Mo béèrè lọ́wọ́ wọn: kí ni télọ̀ ń jẹ nínú aṣọ tí kò kúrò nínú àpótí? Ẹni tó ń wọ aṣọ rẹ̀ ló ń fún télọ̀ níṣẹ́: ó rán an, ó tún un ṣe nígbà tó sanra, ó gé e fún ọmọ nígbà tó gbó. Aṣọ àkójọ ń bọ́ oníṣòwò nìkan. Àwọn mìíràn á ní, "Owó mi ni, èmi ni mo ṣiṣẹ́ rẹ̀." Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ebi bá dé ní oṣù keje, ilé ta ni ẹ óò rán ọmọ sí láti lọ tọrọ gàrí?

Mo mọ̀ pé kì í ṣe fóònù nìkan ló ń ti obìnrin. Àwa náà ń tì í. Òkú kan, aṣọ kan. Ìgbéyàwó kan, aṣọ kan. Bí ẹnìkan kò bá ra aṣọ ẹbí, wọ́n á gbé oúnjẹ fò ó, wọ́n á máa wò ó bí àjèjì nínú ilé baba rẹ̀. Ohun tí àwọn olókìkí ń ṣe lórí fóònù, àwa ni a kọ́kọ́ kọ́ ara wa nílé ìnáwó. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn olórí ẹbí ni mo ti ń béèrè ohun kan: kí wọ́n kéde pé nígbà ìnáwó, aṣọ funfun tí olúkúlùkù ní nílé tó. Kò náni ní kọ́bọ̀. Bí ẹbí ńlá méjì tàbí mẹ́ta bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Gbaffo, ojú kò ní ti aláìní mọ́.

Lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n fi sínú òfin ẹgbẹ́ pé owó tí a yá fún òwò kò gbọdọ̀ di aṣọ, kí ẹni tó bá sì yá owó mú ọjà tó rà wá kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fojú rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ ran akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì tẹ̀ka sí i. Kí ẹni tó ní aṣọ mẹ́wàá tí kò tíì rán gbé wọn fún télọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ra ìkọkànlá. Ìpàdé tó dára jù láti sọ ọ́ ni ti oṣù kìíní, kí àwọn tó ń ra kajú tó wọ ìlú, nígbà tí ọwọ́ gbogbo wa ṣì gbẹ.